Ìwọ̀n Ẹrù Tí Mọ́tò-Ilé Lè Fà ní Amẹ́ríkà, àti Láísẹ́ǹsì Tó Yẹ Ẹni Tó Ń Wà Á

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ lónìí kò le, àmọ́ ó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà, nítorí pé ìgbà tí wọ́n ti gúnlẹ̀ sójú ọ̀nà ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó. Àwọn kan nínú yín ti ra mọ́tò-ilé, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé sí kí èèyàn lè máa sùn nínú rẹ̀ lójú ìrìn-àjò; àwọn mìíràn ń wá owó rẹ̀ jọ. Ẹ fẹ́ so ọkọ̀ kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn, tàbí ọkọ̀ ojú omi, tàbí tírélà tí ẹ kó alùpùpù sí. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. Ṣé mọ́tò-ilé yẹn lè fa nǹkan náà? Ṣé láísẹ́ǹsì tó wà lápò yín sì gbà yín láyè láti wà á?

Kí n tètè sọ ohun tí mo pè ní tírélà. Lẹ́nu wa, ọkọ̀ akẹ́rù gìrìwò tòun ti orí rẹ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀. Lónìí, ohun tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí a so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn, ni mò ń sọ.

Ó ti lé lọ́dún 14 tí mo ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Houston lọ káàkiri, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kì í ṣe àjèjì sí mi. Síbẹ̀, nígbà tí mo ra mọ́tò-ilé àkọ́kọ́ tèmi, mo ṣi í ṣe. Ẹni tó tà á fún mi fi ọwọ́ lu irin ìkọ́ tó wà lábẹ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn, ó ní, "Pọ́ùn 5,000 ni wọ́n kọ síbí, ohunkóhun tí kò bá ti ju 5,000 lọ, ẹ máa fà á lọ." Pọ́ùn ìwúwo ló ń sọ, kì í ṣe owó. Mo gbà á gbọ́. Òótọ́ ni pé 5,000 wà lára ìkọ́ náà. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé ìkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Ìkọ́ ń sọ ohun tí irin tirẹ̀ lè gbà kó tó tẹ̀ tàbí kó já. Kò mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó, kò mọ bí bíréèkì ṣe tóbi tó, kò sì mọ iye ẹrù tí ìyàwó àti ọmọ yín ti kó sínú ọkọ̀ náà kí ẹ tó kúrò nílé.

Ibo ni ká ti wá wo ohun tí ọkọ̀ náà lè gbé? Sítíkà kan wà tí òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ìtòsí ìjókòó awakọ̀ ló máa ń wà. Lórí rẹ̀ ni ẹ ti máa rí GVWR, ìyẹn ìwúwo tó pọ̀ jù lọ tí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní nígbà tó bá ti gbé gbogbo ẹrù: èèyàn, omi, epo, aṣọ, ìkòkò, títí kan ajá. Ẹ máa rí GAWR pẹ̀lú, ìyẹn ìwúwo tó pọ̀ jù tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè gbé. Méjì ni tirẹ̀: ọ̀kan fún ẹsẹ̀ iwájú, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nọ́ńbà kẹta ni GCWR, ìwúwo tó pọ̀ jù fún ọkọ̀ àti ohun tó ń fà pa pọ̀. Ìyẹn ló ṣòro rí jù. Kì í sábà sí lára sítíkà yẹn. Ilé-iṣẹ́ kan ló máa ń ṣe ẹ́ńjìnnì àti ṣaasí, ìyẹn egungun irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló máa ń kọ́ ilé lé e lórí. Inú ìwé ẹni tó ṣe ṣaasí ni GCWR máa ń wà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í ṣí ìwé yẹn rárá. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ àlòkù tí ìwé náà ti sọnù, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe ṣaasí, ẹ ka nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, fún wọn. Ẹ má ṣe so nǹkan kan mọ́ ọkọ̀ náà kí ẹ tó mọ GCWR rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti láísẹ́ǹsì báyìí, lẹ́yìn náà ma padà sórí ìwọ̀n, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Ohun tó kọ́kọ́ ń da orí rú ni lẹ́tà. Àwọn tó ń ta mọ́tò-ilé pín in sí Class A, B àti C. Class A ni èyí tó rí bíi bọ́ọ̀sì ńlá. Class B ni èyí tí wọ́n kọ́ sínú ọkọ̀ fáànù. Class C ni èyí tó ní imú bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù, tí bẹ́ẹ̀dì kan sì gun orí awakọ̀. Àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì náà ní Class A, B àti C tiwọn. Kò sí ohun tó pa méjèèjì pọ̀. Ẹ lè wa mọ́tò-ilé Class A pẹ̀lú láísẹ́ǹsì Class C, láísẹ́ǹsì lásán tí gbogbo èèyàn ní, ní Texas kó sì bófin mu pátápátá. Ó sì lè jẹ́ pé láísẹ́ǹsì Class B ni mọ́tò-ilé Class A ti ẹnì kejì yín máa gbà. Àwọn ìkọ́ náà tún ní kíláàsì tiwọn, láti I dé V. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "Class A ni o nílò," ẹ bi í pé Class A ti kí ni.

Ọdún 1986 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin tó bí CDL, láísẹ́ǹsì tí àwa awakọ̀ akẹ́rù ń lò. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 1992, kò sí ẹni tó tún gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ ńlá ṣiṣẹ́ láìní in. Inú òfin yẹn ni nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí ti jáde: pọ́ùn 26,001. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí GVWR rẹ̀ bá tó 26,001 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, Class B ni, kódà bó bá fa tírélà tí kò ju 10,000 lọ sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ àti tírélà lápapọ̀ bá tó 26,001, tí tírélà nìkan sì ju 10,000 lọ, Class A ni. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ pé kó tó di Class A. Mo ti rí ẹni tó ní mọ́tò-ilé tí GVWR rẹ̀ jẹ́ 26,000, tó so tírélà 5,000 mọ́ ọn, tó ro ó pọ̀ sí 31,000, tí àyà rẹ̀ sì já. Kò sídìí fún ìjáyà. Ọkọ̀ náà kò tó 26,001, tírélà náà kò ju 10,000 lọ. Ṣé ẹ ti wá mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ mọ́tò-ilé fi ní 26,000 géérégé lára sítíkà wọn? Pọ́ùn kan péré ló kù kó wọ inú àgbàlá mìíràn, ilé-iṣẹ́ sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

CDL, ti iṣẹ́ ni. Ẹni tó ń kó ẹbí rẹ̀ lọ gbafẹ́ kò fi ọkọ̀ ṣòwò, òfin àpapọ̀ kò sì fi CDL dè é. Ibi tí àwọn kan ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n gbọ́ pé a kò béèrè CDL, wọ́n wá rò pé a kò béèrè nǹkan kan. Ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ní orílẹ̀-èdè yìí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ní Texas níbí, ìjọba mú nọ́ńbà inú òfin àpapọ̀, ó yọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kúrò. Mọ́tò-ilé tó bá ju 26,000 lọ, láísẹ́ǹsì Class B tí kì í ṣe ti iṣẹ́ ló ń béèrè. Bí ẹ bá tún fi tírélà tó ju 10,000 lọ kún un, ó di Class A tí kì í ṣe ti iṣẹ́. Ìdánwò ìwé wà ńbẹ̀, ìdánwò ojú ọ̀nà sì wà ńbẹ̀.

California ń wo gígùn ní tirẹ̀. Mọ́tò-ilé tí kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà 40 lọ, láísẹ́ǹsì tí gbogbo èèyàn ní ti tó. Èyí tó bá ju 40 lọ títí dé 45, Class B tí kì í ṣe ti iṣẹ́ ni. Tírélà ìrìn-àjò tó bá sì ju 10,000 lọ, Class A tí kì í ṣe ti iṣẹ́ ni. New York ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní R, tí wọ́n ń fi kún láísẹ́ǹsì ẹni tó bá fẹ́ wa mọ́tò-ilé tó ju 26,000 lọ. Ní Florida, láísẹ́ǹsì lásán náà ni wọ́n fi ń wà á. Bí ẹ bá ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ìwé òfin ìwakọ̀ ìpínlẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kà, kì í ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ yín tó ń gbé ní Florida sọ.

Bí láísẹ́ǹsì yín bá ti tọ̀nà nílé, ìpínlẹ̀ tí ẹ bá kọjá máa bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ òfin gígùn, òfin bíréèkì àti òfin eré sísá jẹ́ ti ilẹ̀ tí táyà yín wà lórí rẹ̀ nígbà yẹn. Ní California, mọ́tò-ilé àti ohun tó ń fà pa pọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 65 lọ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 45, ẹsẹ̀ bàtà 20 péré ló kù fún un, ọ̀pá tó fi so ó pọ̀ sì ti wà nínú 20 yẹn. Eré tí ẹni tó ń fa tírélà gbọ́dọ̀ sá níbẹ̀ kò ju máìlì 55 ní wákàtí kan, bí ọ̀nà náà tilẹ̀ ń ṣí 70 sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké.

Ó ku ohun kan lórí láísẹ́ǹsì. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ sára tírélà ni òfin kọ́kọ́ ń wò, kì í ṣe ohun tí ẹ gbé sínú rẹ̀. Tírélà tí wọ́n kọ GVWR 12,000 sí lára, tí ẹ kò tíì gbé ewé kan sí, 12,000 ni níwájú òfin. Mo mọ arákùnrin kan tó ra irú rẹ̀ torí ó tà lówó pọ́ọ́kú, alùpùpù méjì péré ló fẹ́ kó sínú rẹ̀. Àpapọ̀ tirẹ̀ ti ju 26,001 lọ, tírélà náà sì ju 10,000 lọ. Ó ti fà á lọ dé Tennessee, ó fà á bọ̀, kó tó mọ̀ pé Class A ló yẹ kó gbà. Bó bá ra ti 7,000 ni, kì bá tí sí ọ̀rọ̀ rárá.

Ó yá, ká padà sórí ìwọ̀n. Ojú ọ̀nà kò mọ ìwé. Ohun tó wúwo ní tòótọ́ ni bíréèkì ń dá dúró, òun sì ni táyà ń gbé.

Ìrìn-àjò wa kejì pẹ̀lú mọ́tò-ilé yẹn, Colorado la lọ. A wà lórí òpópónà I-70, a ti la ihò Eisenhower tó gba inú òkè kọjá, ibi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 11,000 lọ sókè òkun, a wá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Silverthorne. Ọ̀nà yẹn gùn, ó sì jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ẹni ń sọ̀ láti orí òrùlé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ ni wọ́n ti la àwọn ojú ọ̀nà oníyanrìn fún ọkọ̀ akẹ́rù tí bíréèkì rẹ̀ bá já. Mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ rí nínú ọkọ̀ akẹ́rù, mo mọ jíà tó yẹ kí n fi sí, mo sì fi sí i. Síbẹ̀, nígbà tó yá, òórùn kan wọlé. Ìyá àwọn ọmọ mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní ṣé mo fi nǹkan sórí iná lẹ́yìn ni. Mo mọ òórùn yẹn. Bíréèkì tó ń jó ni. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ní ibi tó gbà mí láyè àkọ́kọ́, a jókòó fún wákàtí kan, ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kan rímù ẹsẹ̀ iwájú. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, rímù tírélà tutù nini. Wáyà tó ń gbé iná lọ sí bíréèkì tírélà ti yọ kúrò nínú ihò rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ń tẹ bíréèkì, mọ́tò-ilé nìkan ló ń dá ara rẹ̀ àti pọ́ùn tó lé ní 4,000 dúró.

Ní ọjọ́ kejì, mo wa ọkọ̀ náà lọ sórí òṣùwọ̀n ní ibùdó àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ má bẹ̀rù òṣùwọ̀n yẹn, kì í ṣe ti ọlọ́pàá, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Pátákó mẹ́ta ló tẹ́ sílẹ̀ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Ẹ máa rọra wọlé títí ẹsẹ̀ iwájú á fi wà lórí ti àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lórí ti kejì, ẹsẹ̀ tírélà lórí ti kẹta. Bọ́tìnì kan wà lára òpó tí ẹ máa tẹ̀, ẹ máa bá ẹni tó wà nínú ilé sọ̀rọ̀ látibẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ gba ìwé yín. Ohun tó wà lórí tèmi nìyí: ẹsẹ̀ iwájú 7,350, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn 14,600, ẹsẹ̀ tírélà 4,400.

Mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítíkà. Ẹsẹ̀ iwájú lè gbé 8,000, ó dáa. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè gbé 15,000, ó dáa. GVWR ọkọ̀ náà jẹ́ 22,000. Iwájú àti ẹ̀yìn pa pọ̀ jẹ́ 21,950, ó dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 50 péré ló kù. Tírélà tòun ti ẹrù rẹ̀ jẹ́ 4,900, ìyẹn 4,400 lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti 500 tí ọ̀pá rẹ̀ fi tẹ ìkọ́; ìkọ́ sì jẹ́ 5,000; ó dáa. Gbogbo rẹ̀ ló yege lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá ro nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú ìwé òṣùwọ̀n pọ̀: 26,350. GCWR ọkọ̀ náà jẹ́ 26,000. Pọ́ùn 350 ni mo fi jù ú lọ, láìsí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó kìlọ̀ fún mi ṣáájú. Bí mo bá yọ 22,000 kúrò nínú 26,000, 4,000 ló kù. Ohun tí ọkọ̀ yẹn lè fà bó bá ti gbé ẹrù rẹ̀ kún nìyẹn, 4,000, kì í ṣe 5,000 tí ẹni yẹn fọwọ́ lù lára irin. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú ìwé òṣùwọ̀n yẹn. Mo tú tírélà sílẹ̀, mo tún wa mọ́tò-ilé nìkan gun orí rẹ̀. Iwájú di 7,600, ẹ̀yìn di 13,850. Ẹ wò ó. Ọ̀pá tírélà tẹ orí ìkọ́ pẹ̀lú 500 péré, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi 750 wúwo sí i, ẹsẹ̀ iwájú sì fi 250 fúyẹ́. Báwo ló ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí pákó tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, tí ọ̀kan jókòó sí ìhà ìhín, èkejì sí ìhà ọ̀hún. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́tò-ilé ni ibi tí pákó náà gbára lé. Láti ẹsẹ̀ iwájú dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20. Láti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dé ibi ìkọ́ jẹ́ 10. Ohun tí ẹ bá gbé lé ìdí ọkọ̀, á tẹ ìdí, á sì gbé imú sókè. Bí ìdí ọkọ̀ bá ṣe gùn tó sẹ́yìn táyà, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe burú tó. Ẹsẹ̀ iwájú ni a fi ń darí ọkọ̀. Bó bá fúyẹ́ jù, atẹ́gùn ọkọ̀ akẹ́rù tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín máa ti yín kúrò ní ojú ilà, sítíárì á sì máa ṣe bí ẹni pé kò sí ohun tó dì mú.

Ẹ lè ní, "Jẹ́ kí n kó ẹrù tírélà sẹ́yìn nígbà náà, kí ọ̀pá rẹ̀ má bàa tẹ ìkọ́." Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà ló yẹ kó wà lórí ìkọ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún, fì sósì, bí ìrù ajá, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ lórí eré, ó ṣòro láti dá dúró. Ẹrù tó wúwo jù, iwájú ẹsẹ̀ tírélà ni kó wà, kó sì wà nílẹ̀ pẹpẹ.

Báwo ni mo ṣe yanjú 350 tèmi? Omi ni. Gálọ́ọ̀nù 70 ni táńkì omi tútù ọkọ̀ náà, mo sì máa ń rọ ọ́ kún fọ́fọ́ láti ilé, bí ẹni tó ń lọ sí aṣálẹ̀. Gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo tó pọ́ùn 8.3. Gálọ́ọ̀nù 70 jẹ́ 581. Mo tú u dànù, mo fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sì ń rọ omi ní ibi tí a bá sùn sí. Mo tún gun òṣùwọ̀n, mo ti wọ abẹ́ 26,000. Kò ná mi ní kọ́bọ̀ kan.

Ó sì yẹ kí n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, torí sítíkà kejì wà nínú ọkọ̀ yẹn tí n kò kà. Láti ọdún 2008 ni òfin ti ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo mọ́tò-ilé tuntun. Ó ń sọ iye ìwúwo èèyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ náà lè gbà. Ó ń sọ iye tí omi máa jẹ nínú rẹ̀ bí táńkì bá kún. Ìlà kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹni tó bá ń fa nǹkan gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn: ìwúwo tí ọ̀pá tírélà fi tẹ ìkọ́, ẹrù ọkọ̀ náà ni. Ìyẹn túmọ̀ sí pé 500 mi yẹn ti gba àyè èèyàn mẹ́ta nínú mọ́tò-ilé kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, sítíkà yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó wo kíṣíìnì àti tẹlifíṣọ̀n. Àwọn mọ́tò-ilé kan lẹ́wà débi pé ẹwà náà ti jẹ gbogbo ìwúwo tán. Wọ́n fi òkúta dídán ṣe ilẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ sí i, ohun tó wá kù fún ìdílé kò ju bí ẹni méjì àti àpótí wọn lọ.

Bíréèkì tírélà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ní kí tírélà tó bá tó 3,000 ní bíréèkì tirẹ̀, àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kéré jù bẹ́ẹ̀. Èmi kò dúró de òfin lórí èyí. Bíréèkì mọ́tò-ilé, GVWR tirẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ohunkóhun tí ẹ bá so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ lè dá ara rẹ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń fa ọkọ̀ kékeré tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí nílẹ̀: ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé síwájú ìjókòó awakọ̀ ọkọ̀ náà, tó máa ń bá yín tẹ bíréèkì rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ tiyín. Kí ẹ sì kọ́kọ́ ka ìwé ọkọ̀ kékeré náà, torí kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ṣeé fà bẹ́ẹ̀. Jíà àwọn mìíràn á jóná kí ẹ tó rin ọgọ́rùn-ún máìlì. Ẹ fi ṣéènì méjì so ó, kí wọ́n gba ara wọn kọjá lábẹ́ ọ̀pá, kí ọ̀pá náà lè bọ́ lé wọn lórí bí ìkọ́ bá yọ. Okùn kékeré tó máa ń tẹ bíréèkì tírélà fúnra rẹ̀ nígbà tó bá já, ara ọkọ̀ ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe ara ṣéènì. Ẹ tẹ bíréèkì tírélà wò nínú ọgbà kí ẹ tó jáde, lórí eré ẹsẹ̀, lójoojúmọ́. Ìṣẹ́jú kan péré ni, ì bá sì ti fi wáyà mi tó yọ hàn mí kí n tó gun òkè Colorado.

Ẹnì kan fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi kí n tó dìde. Ó ní bí bàbá bá ní láísẹ́ǹsì tó tọ̀nà, ṣé ìyá lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà bó bá rẹ̀ ẹ́. Rárá o. Ọwọ́ ẹni tó bá di sítíárì mú ni láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ wà. Mọ́tò-ilé tí a ní báyìí ju 26,000 lọ. Èmi ní CDL tèmi, n kò sì ronú nípa ẹlòmíràn, títí ibà fi dá mi gúnlẹ̀ ní New Mexico tí a jókòó sójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí kò sẹ́ni tó lè wa ọkọ̀ náà délé. Nígbà tí a padà dé, ìyá àwọn ọmọ mi gba ìwé, ó kà á, ó yege. A jọ wa mọ́tò-ilé náà lọ síbi ìdánwò, torí irú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ ni ẹ máa fi ṣe ìdánwò, ẹni tó ti ní láísẹ́ǹsì náà ló sì gbọ́dọ̀ bá yín dé ibẹ̀. Ọ̀gá tó dán an wò ní kó fi ẹ̀yìn wọlé sí àárín ilà. Ìyá àwọn ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó rìn yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, ó wo ẹ̀yìn, ó padà gorí ìjókòó, ó sì rọra fi í wọlé. Òun ló wa ọkọ̀ náà padà wá sílé lọ́jọ́ yẹn.